Bàbá Nevena, Ẹ Má Tu Yìnyín Yẹn Dànù

Ẹ má dá mi lóhùn o, Bàbá Nevena. Ẹ fi yìnyín yẹn sẹ́nu kí ẹ máa lá a kí oògùn má baà tún bó yín lẹ́nu, dókítà ní títí oògùn inú ike yìí á fi kán sí yín lára tán. Èmi ìyàwó yín ni mo lọ̀rọ̀ lẹ́nu lónìí.

Ta ló ní kí ẹ lọ bá Gencho? Aládùúgbò tó ń fi ọtí rakíà wo ẹsẹ̀ ríro, tó ń fi wo ọ̀fìnkìn, tó tún fi ra ewúrẹ́ rẹ̀ lára níjọ́sí, òun lẹ wá sọ di dókítà jẹjẹrẹ! Nígbà tí oògùn ìṣáájú bó yín lẹ́nu, èmi se omi, mo bu iyọ̀ àti sódà tí wọ́n fi ń ṣe àkàrà òyìnbó sí i, mo jẹ́ kó tutù, mo rọ ọ́ sígò pé kí ẹ máa fi ṣan ẹnu lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́. Ẹ da tèmi sídìí tòmátì, ẹ wá rọ rakíà sígò! Ẹ rò pé mi ò ní mọ̀ ni? Ta ló ń fi omi iyọ̀ ṣan ẹnu tó ń jó káàkiri bálùwẹ̀?

Ọtí lójú egbò ẹnu! Gencho ní ó ń pa kòkòrò. Ó kúkú fẹ́ẹ̀ pa yín. Ṣíbí yógọ́ọ̀tì mẹ́ta pere lẹ lè gbé mì lọ́sẹ̀ yẹn, ṣòkòtò ń já bọ́ nídìí yín, dókítà sì ní bí ẹnu bá tún bó báyẹn, òun á dá oògùn dúró. Kó dá a dúró kẹ̀, kí jẹjẹrẹ máa bá tiẹ̀ lọ? Ẹ̀rù bà mí, Bàbá Nevena. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Ẹ má fojú bẹ̀ mí. Ẹ mú yìnyín mìíràn.

Ogójì ọdún ni mo fi bẹ Ọlọ́run pé kí ọkùnrin yìí dákẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Bí mo bá se ọbẹ̀ ẹ̀wà, iyọ̀ ò tó. Bí mo bá fi kún un, ó ti pọ̀ jù. Ti ìyá yín ló ń dáa. Ọlọ́run wá gbọ́, ẹ dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Lánàá, mo sè é láìníyọ̀ rárá bí dókítà ṣe wí, mo wá dúró tì yín kí n gbọ́ èébú. Ẹ gbé ṣíbí méjì mì, ẹ kọjú sí ògiri. Inú kíṣìnì ni mo ti lọ sunkún.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ẹnu yẹn san. Mo fẹ́ kí ẹ jókòó sídìí tábìlì, kí ẹ tọ́ ọbẹ̀ mi wò, kí ẹ sọ pé ti ìyá yín dáa jù ú lọ. Ọjọ́ náà gan-an ni n ó da abọ́ náà lé yín lórí.

Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín? Ẹ panu dé jàre, yìnyín ń já bọ́.