Ìrù Orin Tí Mo Fi Pa Mọ́ ní Pápá Ògùdù

Ìgbà tí eyín mi ṣì pé lẹ́nu, tí mo ń fi í fọ́ eegun ẹran láìwo ojú ẹnikẹ́ni, ẹgbẹ́ oníwákà mẹ́ta ló wà ní Ìkòsí níbí. Mẹ́ta! Ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ bù mí lómi díẹ̀... ẹ ṣé.

Wákà, ẹ gbọ́, kì í ṣe orin tí wọ́n ń fi wáyà kọ. Àtẹ́wọ́ ni, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ méjì, ohùn obìnrin mẹ́jọ. Ìsọmọlórúkọ, wólíìmà, ẹni tó bá ti Mẹ́kà dé, àwa ni wọ́n ń pè. Olórí tiwa, Sìfáwù Àbẹ̀kẹ́ lorúkọ wọn. Ìyá Ẹgbẹ́ la máa ń pè wọ́n. Ẹní ni wọ́n ń tà. Wọ́n kúrú bí ìdí odó, àmọ́ tí wọ́n bá gbóhùn sókè, ẹni tó ń pọnmi lódò á gbé korobá kalẹ̀.

Ọjọ́ kan báyìí, à ń kọ́ orin tuntun fún ìkómọ kan ní Kétu. Obìnrin kan wọlé. Ó ní òun wá yá asẹ́. Asẹ́! A fún un. Kò lọ. Ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun, kí òun sinmi díẹ̀. Ó sinmi, ó sinmi, títí a fi kọ orin yẹn dé òpin. Nígbà tó wá dìde, kò gbé asẹ́ o! Ó gbàgbé asẹ́, kò gbàgbé orin. Nígbà tí a dé Kétu lọ́jọ́ ìkómọ, ẹgbẹ́ obìnrin yẹn ti wà níwájú ilé, orin wa ló wà lẹ́nu wọn, orúkọ olórí tiwọn ni wọ́n sì fi parí ẹ̀. Kí la fẹ́ sọ? Tí àwa náà bá kọ ọ́, wọ́n á ní àwa la jí i.

Ìyá Ẹgbẹ́ ò sunkún. Wọ́n kàn ní, 'Láti òní lọ, orin wa ò ní máa ní ìrù nínú ilé mọ́.'

Ìrù orin, ìyẹn ni ìparí ẹ̀, ibi tí a ti ń dárúkọ ẹni tó ni ín. Tí à ń kọ́ orin nílé, a ó kọ ọ́ dé ẹ̀gbẹ́ ìrù, a ó panu mọ́. Ó di ojú agbo, níwájú èrò, ká tó kọ ọ́ tán. Wọ́n ní, 'Ẹni tó bá fẹ́ jí ẹran, kó jí i láìnírù. Gbogbo ayé ló máa bi í pé ìrù ẹ̀ dà.'

Àṣẹ yẹn ni mo fi dàgbà. Ìyá Ẹgbẹ́ ti lọ. Àwọn mẹ́fà yòókù tẹ̀ lé wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èmi nìkan ló kù. Ẹ̀yin òde òní ńkọ́? Ẹ ò tíì se ọbẹ̀ tán, gbogbo ayé ti rí i lórí fóònù.

Àfi bí Bùsọ́lá, Bùsọ́lá tó ń rẹ́rìn-ín yìí, ṣe dé láti Magodo lóṣù kẹjọ tó kọjá. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ti gba hólídè, òjò ti dáwọ́ dúró díẹ̀. Ó ní, 'Grandma, wọ́n fẹ́ ṣe festival orin ní pápá kan ní Ògùdù. Ìta gbangba ni. Wọ́n ń wá ìyá àgbà tó mọ wákà, mo ti fún wọn lórúkọ yín.'

Mo ní, 'Ta ló rán ẹ?'

'Kò sẹ́ni tó rán mi. Wọ́n fẹ́ gbọ́ yín ni.'

'Kí wọ́n gbọ́ mi, kí wọ́n wá ṣe kí ni?'

Kí n má parọ́ fún yín, inú mi dùn. Kó tó sọ̀rọ̀ tán ni mo ti ń tú àpótí, mò ń wá léèsì. Àmọ́ inú dídùn lọ́tọ̀, ojú lílà lọ́tọ̀. Ohun tó jẹ́ kí n gbà ni pé Ìyá Ẹgbẹ́ ò kọrin fún ju èrò àdúgbò kan lọ lẹ́ẹ̀kan náà rí láyé wọn. Mo ní lọ́jọ́ yẹn, gbogbo pápá á gbọ́ orúkọ wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí orúkọ yẹn ni mo ṣe lọ. Òun nìkan.

A débẹ̀ lọ́sàn-án. Ẹnu géètì, ẹnì kan ní kí n mú ọwọ́ wá, ó fi ribọ́n so ó. Ó le koko, kò ṣeé tú. Mo ní, 'Ọmọ mi, ṣé àgbò Iléyá ni mí ni?' Bùsọ́lá ní, 'Grandma, ẹ jọ̀ọ́, òun ni wọ́n fi ń mọ̀ pé artiste ni yín.' Mo ní, 'Artiste tí wọ́n so lókùn!'

Ẹni tó ń ṣètò ohùn wá jáde, Fẹ́mi lorúkọ ẹ̀. Irun ẹ̀ lọ́ bí okùn kànga. 'Ẹ káàsán, Mummy.' Ó dọ̀bálẹ̀, ó fi àyà kanlẹ̀ pátápátá. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n fura. Ọmọ òde òní wo ló ń fi àyà kanlẹ̀ láìní nǹkan nínú? Ó mú kinní dúdú kan bí kòkòrò, ó fi há mi láyà, wáyà ẹ̀ gba ẹ̀yìn mi lọ. Mo fi ẹnu sétí Bùsọ́lá. Mo ní, 'Ojú ọmọ yìí ò dùn mọ́ mi. Ó jọ ẹni tó wá yá asẹ́.'

Yéè! Àpótí ohùn tó ga bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bá gbé e: ...TÓ WÁ YÁ ASẸ́! Gbogbo pápá gbọ́. Àwọn tó ń to àga rẹ́rìn-ín, àwọn tó ń dín àkàrà rẹ́rìn-ín. Fẹ́mi di ikùn mú. 'Mummy, mi ò yá asẹ́ kankan o!' Èmi náà rẹ́rìn-ín. Àmọ́ nínú mi lọ́hùn-ún, mo ní, kinní tó gbọ́ ohun tí mo sọ sétí ọmọ mi, ṣé ó máa gbàgbé orin?

Fẹ́mi ní, 'Mummy, ẹ kọ orin yín látòkè délẹ̀, kí bándì lè mọ ibi tó máa parí sí.' Pápá ṣófo o. Kò sí èrò. Èmi, wáyà, àti àwọn ọmọ tó ń ta gìtá. Mo gbé e:

Ilẹ̀ mọ́, a jí ire,
Ẹlẹ́dàá mi, mo wá kí ọ,
Ohùn tí o fi sí mi lọ́fun,
Má jẹ́ kó di ti ẹlòmíì.

Mo kọ ọ́ lọ, mo kọ ọ́ lọ, mo dé ẹ̀gbẹ́ ìrù, mo panu mọ́.

'Ṣé ibi tó parí sí nìyẹn, Mummy?'

'Ibẹ̀ ni.'

Ó họ orí. 'Ó dà bíi pé nǹkan ṣì kù.'

Hẹ̀n-ín! Ẹ ò rí i? Ọmọ yẹn létí. Mo ní, 'Kò ku nǹkan kan.'

'Ó dá yín lójú? Torí tí ẹ bá ti dé ibẹ̀, bándì á parí ẹ̀, a ó pa máìkì yín, ẹni tó kàn á bọ́ sórí stage.'

Nínú gbogbo àlàyé yẹn, kí ni mo gbọ́? Mo gbọ́ 'Ó dá yín lójú?' Mo ní ọmọ yìí ń fi ọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò ni. Mo ní, 'Ó dá mi lójú bí oòrùn ọ̀sán tó wà lókè yìí.'

Aago mẹ́rin, èrò ti kún. Ọmọ Magodo wà níbẹ̀, ará Kétu wà níbẹ̀, àwọn tó wá láti Ajégúnlẹ̀ gbé ọmọ sọ́rùn. Mo bọ́ síwájú wọn. Ẹ̀yin ọmọ mi, ó dùn! Gìtá ń tẹ̀ lé mi bí ọmọ tó di ìró ìyá ẹ̀ mú. Orúnkún tó ń dùn mí láàárọ̀, n ò mọ ibi tó lọ. Èrò ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń bá mi gbè é. Mo dé ẹ̀gbẹ́ ìrù. Mo mí kanlẹ̀, kí n dárúkọ Ìyá Ẹgbẹ́...

Gbàù! Bándì parí ẹ̀. Èéfín funfun tú jáde, èrò hó yèè. 'Give it up for Mama! Ẹ pàtẹ́wọ́ fún wọn!' Ẹni tó ń darí ètò ti di apá mi mú. Mo la ẹnu, mo ń kọ ìrù orin, etí ara mi ò gbọ́ ọ. Mo gbójú sókè, mo rí ẹnu mi lójú tẹlifíṣọ̀n ńlá tí wọ́n gbé kọ́: ó ń ṣí, ó ń pa dé, kò sí ohùn níbẹ̀. Àwọn èèyàn ń juwọ́ sí mi. Wọ́n rò pé mò ń kí wọn ni.

Mo sọ̀ kalẹ̀. Bùsọ́lá ń sunkún ayọ̀. Èmi náà ń sunkún, kì í ṣe ayọ̀. Fẹ́mi sáré wá. 'Mummy, kí ló ṣe yín?' Mo sọ fún un. Ó káwọ́ lérí. 'Mummy! Mo bi yín, mo tún bi yín!' Mo ní, 'O bi mí.' Ó sáré lọ bá àwọn ọ̀gá ẹ̀, ó bẹ̀ wọ́n, wọ́n ní àyè ò sí mọ́, ẹni tó kàn ti ń kọrin. Ó padà wá, òógùn bò ó, ó dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, nínú ẹrẹ̀ pápá yẹn. Kò ní nǹkan nínú. Àtìbẹ̀rẹ̀ ni kò ti ní nǹkan nínú.

Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà. Oògùn ọ̀hún ni mo mu yó lọ́jọ́ yẹn.

Bùsọ́lá bi mí nínú mọ́tò, 'Grandma, kí ló kù nínú orin yẹn gan-an?' Mo ṣe bíi pé mo sùn. Ọmọ ọmọ mi! N ò kọ́ ọ rí. N ò kọ́ ẹnikẹ́ni nínú yín. Ká ní mo ṣubú kú ní pápá yẹn, ìrù orin parí nìyẹn. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń bi ara mi: obìnrin tó jí orin Ìyá Ẹgbẹ́, orúkọ olórí tirẹ̀ ló fi dípò. Èmi tí mo fẹ́ràn wọn, òfo ni mo fi dípò. Ta ló ṣèkà jù nínú àwa méjèèjì?

Ìdí tí mo fi ní kí gbogbo yín wá lónìí nìyẹn. Bùsọ́lá, gbé fóònù ẹ jáde, kó máa gba ohùn mi sílẹ̀. Sún mọ́ mi. Ẹ gbọ́ o:

Bí ẹ bá gbọ́ orin yìí lọ́nà jíjìn,
Sìfáwù Àbẹ̀kẹ́ ló ni ín,
Ìkòsí nilé ẹ̀, ohùn loko ẹ̀,
Ẹ bá mi pè é kó jẹ́ yín.

Ẹ̀yin á wá pè é: Àbẹ̀kẹ́ o! Rárá, ohùn yín kéré, ẹ pè é kí wọ́n gbọ́ ọ ní Mile 12. Àbẹ̀kẹ́ o! Ẹ tún un pè... Hẹn.

Ó ti tán báyìí. Fi ránṣẹ́ sí Fẹ́mi. Fi ránṣẹ́ sí ẹni tó bá wù ẹ́. Àyà mi ń já o, ẹ má jẹ́ n tàn yín, bí ẹni tó jáde nílé tí kò tilẹ̀kùn. Ẹ má tì í. Ẹ jẹ́ kó ṣí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.