Bàbá Tíṣà àti Koríko Ẹ̀yìn Ilé Wa

Ẹ bá mi gbé orúkọ Jésù ga! Ẹ gbé e ga dáadáa, ẹ̀yin ará, nítorí ohùn tèmi ti há!

Èmi ni Ìyá Ṣẹ́yẹ, télọ̀ tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Okokomáìkò. Ìbà ni mò ń gbé, èmi àti màmá mi tí rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀. Ilẹ̀ ìjọba ló wà lẹ́yìn ilé wa, koríko ibẹ̀ sì ga ju èèyàn lọ. Bàbá Tíṣà, aládùúgbò wa, ará Èkìtì tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ló máa ń bá wa ṣán an. Ní Sátidé ìmọ́tótó, Bàbá á mú àdá, wọ́n á ṣán ẹ̀bá fẹ́ńsì wa gbọọrọ, kí iná má baà rọ́nà gbà kọjá.

Àfi bí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ṣe dé lọ́jọ́ kan, tí wọ́n ri bọ́ọ̀dù mọ́lẹ̀. Ọ̀gá wọn ní, "Bàbá, ilẹ̀ ìjọba lẹ wà yìí o. Tá a bá tún rí yín níbí pẹ̀lú àdá, a máa gbé yín ni."

Bàbá ní, "Ó dáa. Ṣé ẹ̀yin máa wá ṣán an?"

"A máa wá, sà."

Bàbá gbà wọ́n gbọ́! Ẹni tó fi gbogbo ayé ẹ̀ ṣiṣẹ́ ìjọba! Bàbá gbé àdá kọ́. Nígbà tí ọyẹ́ dé, tí koríko gbẹ, Bàbá lọ sí ọ́fíìsì wọn. Wọ́n tún lọ. Èsì kan náà ni: "Ẹ máa lọ sílé, Bàbá, a ti gbọ́." Ẹ̀yin ará, inú mi ṣì ń ru.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwọn kan ń sun wáyà nínú igbó yẹn láti yọ kọ́pà. Iná ràn mọ́ koríko. Fóònù mi dún ní ṣọ́ọ̀bù, Màmá Tíṣà, ìyàwó Bàbá, ni: "Ìyá Ṣẹ́yẹ, máa bọ̀! Iná ti dé fẹ́ńsì!"

Mo fò sórí ọ̀kadà. Mo ń pariwo sétí ẹni tó gbé mi: "Abeg, my mama dey inside! She no fit waka!" Ìgbà tí mo dé, èéfín ti bo ilé. Mo fẹ́ wọlé, àwọn aládùúgbò di mí mú. Mo ní ó ti parí. Mo ní Olúwa, ṣé bí màmá mi ṣe máa lọ nìyí?

Ẹ hó ìhó ayọ̀! Màmá mi wà lábẹ́ igi mángòrò létí títì! Àpá iná kan ò sí lára wọn! Bàbá Tíṣà ló wọlé lọ pọ̀n wọ́n jáde. Àgbàlagbà pọ̀n àgbàlagbà! Jésù, ẹ ṣeun! Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun!

Ṣùgbọ́n Bàbá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ màmá mi, wọ́n ń wúkọ́, ikọ́ náà ò dá. A gbé wọn lọ sí ọsibítù. Dókítà ní, "Èéfín tí wọ́n fà símú ti pọ̀ jù, ṣùgbọ́n à ń gbìyànjú." Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, Bàbá lọ.

Lẹ́yìn ìsìnkú ni katakata ìjọba dé. Àárọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ro gbogbo ilẹ̀ yẹn. Màmá Tíṣà dúró lójú fèrèsé, wọ́n ń wo àwọn òṣìṣẹ́ náà. Màmá ní, "Ṣé bó ṣe yá tó nìyí?"

Mi ò fẹ́ wá jẹ́rìí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ dúró síbí máa yọ̀, tí Màmá Tíṣà jókòó síwájú mi nínú aṣọ dúdú? Àwọn gan-an ló tì mí jáde. Wọ́n ní, "Lọ dúpẹ́. Tó ò bá dúpẹ́, á dà bíi pé lásán ni ọkọ mi wọ inú iná."

Torí náà, mo dúpẹ́. Ìwọ tó wà nínú wàhálà, má sọ̀rètí nù, Ọlọ́run ò fi ẹ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ mìíràn ń bọ̀, koríko yẹn ti tún ń yọ. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ sí ọ́fíìsì yẹn, gbogbo wa pátá. Bàbá nìkan ló ń dá lọ nígbà yẹn. A jẹ́ kí wọ́n máa dá lọ.

Ẹ má pàtẹ́wọ́ fún mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dìde, ẹ bá mi kí Màmá Tíṣà kú aráfẹ́rakù.