Dúdú Ni Gbogbo Wọn

Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ mi, ẹ ní kí n wá kọ́ yín bí mo ṣe rí aṣọ tí ilé ẹ̀kọ́ wa orí íńtánẹ́ẹ̀tì wọ̀, tí gbogbo èèyàn fi ń yìn ín. Mo ti kọ́ àwọn tó ṣáájú yín léyìí. Irọ́ ni mo pa fún wọn, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún mi. Lónìí ọrùn mi ò gbé irọ́ yẹn mọ́. Ẹ pa kọ̀ǹpútà yín dé ná, kí ẹ gbọ́ ohun tó wà lábẹ́ aṣọ náà.

Ẹ mọ̀ pé aṣọ là ń pe àwọ̀, lẹ́tà àti àwòrán tí a fi ń bo ojú ilé ẹ̀kọ́ wa. Nígbà tí mo dé síbí, aṣọ tó wọ̀ ò ṣeé wò. Ọ̀rọ̀ kún ojú ewé bámúbámú. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá dáhùn ìbéèrè, wọ́n á kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀ pé "O gbà á" tàbí "O ṣì í". Ọ̀gá wa ní kí n wá aṣọ tuntun tó máa fa ojú mọ́ra, torí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń lọ síbi tó lẹ́wà ju tiwa lọ. Mo jókòó ti fèrèsé yẹn, mo ń to àwọ̀ mọ́ àwọ̀ títí ojú fi ń ta mí. Nígbà tí mo rí i, inú mi dùn débi pé mò ń dá rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ rẹ̀ funfun báláú, lẹ́tà rẹ̀ tín-ín-rín, àmì róbótó kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan: àwọ̀ ewé tó ki bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbà á, pupa tó ki bí ó bá ṣì í. Mo yọ ọ̀rọ̀ kúrò. Mo ní ọ̀rọ̀ ń ba ẹwà jẹ́. Ẹ gbọ́ irú ẹnu tí mo ní nígbà yẹn.

Obìnrin kan wà láàárín wa tí a ń pè ní Àǹtí Ẹ-jẹ́-á-wò-ó, torí gbólóhùn yẹn kì í wọ́n lẹ́nu ẹ̀. Iṣẹ́ ẹ̀ ni láti gbé ohun tí a bá ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ kí àwọn yòókù tó rí i. Ó gbé aṣọ mi lọ, ó padà wá, ó fa àga jókòó tì mí. "Bọ̀dá, ó lẹ́wà. Mi ò purọ́. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ojú wọn ò mọ pupa yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé. Mo bá wọn pàdé láàárín àwọn tí mo gbé e fún. Ìkan náà ni àmì méjèèjì lójú wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá ọ̀rọ̀ yẹn padà, kó tiẹ̀ kéré." Mo ní mo ti gbọ́. Lọ́jọ́ tí ọ̀gá fẹ́ fọwọ́ sí i, Àǹtí ò wá síbi iṣẹ́, ara ọmọ ẹ̀ ò yá. Ọ̀gá bi mí pé, "Àǹtí ńkọ́? Ṣé ó ti wò ó?" Mo ní, "Ó ti wò ó, ọ̀gá. Ó ní kò sí wàhálà." Ẹnu mi yìí náà ni. Nígbà tó padà tó rí i pé aṣọ ti jáde, ó wò mí títí. Kò pẹ́ tó fi wá iṣẹ́ síbòmíì, èmi náà sì ń bá wọn sọ pé kò mọ ẹwà.

Mo ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kan, káfíńtà ni. Òun ló rán mi níléèwé nígbà tí bàbá wa kú. Gbogbo ìwé tí mo mọ̀, ara pákó tó là ló ti wá. Iléèwé iṣẹ́ ọwọ́ kan ládùúgbò ẹ̀ fẹ́ gbà á ní olùkọ́, wọ́n ní kó kọ́kọ́ gba ìwé ẹ̀rí lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀yìn ti ń dùn ún nígbà náà, pákó ò ṣeé gbé mọ́. Iṣẹ́ olùkọ́ yẹn ló gbójú lé láti fi sinmi.

Ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ náà lọ, ó bá pè mí. "Àbúrò, àmì róbótó ẹ̀gbẹ́ ìbéèrè yìí, kí ló ń sọ?" Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ìyá wa kì í pe nǹkan ní àwọ̀ ewé. Dúdú ló ń pe ewé, dúdú ló ń pe tòmátì tí kò tíì pọ́n, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa nílé ṣe ń sọ ọ́ títí dòní. Mo bá fi èdè ilé dá a lóhùn: "Èyí tó bá dúdú, ẹ gbà á. Èyí tó bá pupa, ẹ ṣì í." Ó ní, "Dúdú ni gbogbo wọn." Mo ní, "A jẹ́ pé ẹ gba gbogbo ẹ̀ nìyẹn, ẹ̀gbọ́n mi. Kí lẹ tún ń kà? Ẹ lọ ṣe ìdánwò yín." Mo gbọ́ tó ń pe ìyàwó ẹ̀ kó wá gbọ́ ohun tí àbúrò òun wí.

Fóònù ṣì wà lọ́wọ́ mi tí tòmátì fi sọ sí mi lọ́kàn. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, tí ìyá wa bá ní ká lọ já tòmátì tó pọ́n lẹ́yìnkùlé, ẹ̀gbọ́n mi á já èyí tó pọ́n mọ́ èyí tí kò pọ́n. Ìyá wa á ní kì í fara balẹ̀. Ó gba ìfọ́tí lórí ọ̀rọ̀ tòmátì débi pé àánú ẹ̀ ṣe mí, mo wá ń tẹ̀ lé e, mò ń nàka sí èyí tó pọ́n fún un. Dúdú tó ń wí kì í ṣe dúdú tí mò ń wí. Ohun kan náà ni gbogbo àmì yẹn lójú ẹ̀, kò sì mọ èyí tó gbà àti èyí tó ṣì. Mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan tó ń fún iṣẹ́ tó rẹwà ní àmì ẹ̀yẹ ti ní àwọn ń bọ̀ wá wo aṣọ wa. Bí mo bá pe ẹ̀gbọ́n mi padà, n ó sọ ìdí ẹ̀, irọ́ tí mo pa fún ọ̀gá á sì tú. Mo ti fóònù bọ àpò. Ẹ̀gbọ́n mi lọ ṣe ìdánwò, kò yege.

Ẹ rò pé ibẹ̀ ló burú mọ. Ó ku èyí tó burú jù ú lọ. Ó wá bá mi nílé, ó jókòó sórí àga tó fọwọ́ ara ẹ̀ kàn fún mi. Ó ní, "Àbúrò, ìwọ lo mọ̀wé nínú wa. Má tàn mí o. Ṣé orí mi ni ò gbé e?" Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni ìbá gbà mí láti tú u sílẹ̀. Mo wojú ẹ̀, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kì í ṣe gbogbo orí ló gba ìwé. Ẹ padà sídìí pákó yín." Ó mirí. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní ó sàn kó jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn òun ló sọ ọ́. Ó padà sídìí pákó lóòótọ́, ẹ̀yìn yẹn sì tẹ̀, kò nà mọ́. Èmi wẹ̀wù tuntun, mo lọ gba àmì ẹ̀yẹ tí ẹ ń wò lára ògiri yìí. Èèyàn burúkú ni mí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bá mi wí àwáwí.

Láìpẹ́ yìí, ọmọ ẹ̀ obìnrin wá bá mi. Ó ti jáde níléèwé, ó fẹ́ tẹ̀ síwájú, bàbá ẹ̀ ò gbà. "Bàbá kékeré, wọ́n ní kí n má da ara mi láàmú. Wọ́n ní ìdílé wa ò lórí ìwé, pé ẹ̀yin lẹ sọ ọ́. Wọ́n ní ẹ̀yin nìkan lẹ kó gbogbo orí tó wà nílé lọ." Ó fẹ́ fi ṣàwàdà, omi sì lé ròrò lójú ẹ̀. Mi ò lè wo ọmọ náà. Mo rí i pé irọ́ tí mo pa fún bàbá ti fẹ́ mú ọmọ.

Lánàá mo lọ síbi iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi. Mo dọ̀bálẹ̀ nínú ìyẹ̀fun pákó, mo sọ gbogbo ẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí. Ó gbọ́ mi tán. Ó fọwọ́ ti tábìlì, ó rọra jókòó nítorí ẹ̀yìn. Mo ń retí kó bú mi, kó tiẹ̀ lé mi síta, ara ì bá tù mí. Ó ní, "Tòmátì yẹn. Ìwọ lo máa ń nàka sí i fún mi."

Ọ̀gá ti gbọ́ láàárọ̀ yìí, ó ní kí n máa lọ, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Mo pe Àǹtí náà, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ti gbọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì kéré nídìí iṣẹ́ yìí, mi ò ní kí ẹ má wá aṣọ tó lẹ́wà. Ẹ wá a. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé òun ò ríran nínú ẹ̀, ẹ má ṣe pa á mọ́ nítorí ìyìn, torí ẹ ò mọ ilé tí yóò dé. Ẹ bá mi bẹ ẹ̀gbọ́n mi, tí ẹ bá rí i. Ọmọ ẹ̀ pè mí kí n tó wọlé síbí, ó ní òun ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa, pé bàbá òun ní àwọn jọ máa jókòó ti kọ̀ǹpútà, bàbá náà fẹ́ dáhùn ìbéèrè kan wò. Ẹ ṣí kọ̀ǹpútà yín báyìí. Kí ẹ̀gbọ́n mi tó dé orí ìbéèrè yẹn, ẹ bá mi dá ọ̀rọ̀ yẹn padà, kí ẹ kọ ọ́ gàdàgbà síbi tí ojú ẹ̀ á ti rí i: O gbà á.