Nusirat, Àbúrò Mi Tí Mo Fi Sílẹ̀ ní Edinburgh

Alága wa, Alàgbà Olúṣẹ̀san, mo kí yín. Alhaja Tàíbátù, ìyá gbogbo wa ní Sharjah nílẹ̀ Lárúbáwá níbí, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin tí ẹ ti àdúgbò Rolla àti Al Taawun wá sí gbọ̀ngàn yìí ní Oud Metha, tí ẹ fi ìsinmi yín sílẹ̀ nítorí mi, ẹ kú ìrìn. Ẹ̀yin èèyàn mi, agogo méjìlá ti kọjá, agogo márùn-ún ni ọkọ̀ òfuurufú tó ń gbé mi relé pátápátá máa gbéra, Lukman tó fẹ́ gbé mi lọ sí pápákọ̀ sì ti ń yọjú lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ̀rọ̀.

Ọdún méjìlélógún ni èmi Ọmọ́ṣadé fi bá yín ṣètò ìrìn àjò ní ọ́fíìsì wa kékeré ní Rolla. Ta ni nínú yín tí n kò bá sáré visa? Ta ni n kò pariwo "yalla, yalla, ẹ yára" sí létí rí? Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ ṣì máa bínú sí mi láìpẹ́. Azeezat, ìwọ tí a jọ ń ṣiṣẹ́, tó o máa ń gbé tíì wá fún mi títí tó fi ń tutù níwájú mi, o ṣeun. Ìwọ lo ní sùúrù. Ní tèmi, ìkánjú ni wọ́n bí mọ́ mi.

Ẹ rántí Edinburgh, ìlú àtijọ́ yẹn ní Scotland, tí mo kó yín lọ ṣèbẹ̀wò ní ọdún méjì sẹ́yìn. Bàbá àgbàlagbà kan ló mú wa rìn fún wákàtí kan àbọ̀, láti odi orí àpáta wá sísàlẹ̀, láàárín àwọn ilé olókùúta dúdú àtàwọn ọ̀nà tóóró tó wọ àárín wọn. Òjò ń ṣẹ́ wìnnìwìnnì. Bàbá fẹ́ kí a dúró wò ó dáadáa. Aago ọwọ́ mi ni èmi ń wò ní tèmi, torí a ti gba tíkẹ́ẹ̀tì ibòmíràn fún agogo méjì.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, bí ẹ ṣe ń wọ bọ́ọ̀sì, mo na ìka sí yín kí n lè mọ iye wa, mo ní, "Ení, èjì, ẹ̀ta." Alhaja figbe ta, "Ọmọ́ṣadé! Ṣé ewúrẹ́ ni wá tó o fi ń kà wá? Ọmọ ọlọ́mọ lò ń na ìka sí yẹn!" Gbogbo yín gbè wọ́n lẹ́yìn. Mo bẹ̀bẹ̀, mo sì jáwọ́.

Ohun tí mo ti ń sọ láti ọjọ́ yẹn ni pé ìdí nìyẹn tí a fi gbàgbé Nusirat, àbúrò tí a jọ ń gbé fúláàtì kan fún ọdún mẹ́sàn-án. Ikọ́ fée rẹ̀ ló dé, ó yà sí ọ̀nà tóóró kan kó lè mí. Báàgì rẹ̀, fóònù, oògùn, gbogbo rẹ̀ wà nínú bọ́ọ̀sì. Wákàtí mẹ́ta ló fi wà nínú òjò, ọjọ́ méjì ló fi wà ní ọsibítù. Mo ní ẹ kò jẹ́ kí n kà wá ni. Alhaja sunkún, wọ́n bẹ Nusirat lójú mi, mo sì dákẹ́.

Irọ́ ni mo pa. Alhaja, ẹ foríjì mí.

Mo rí i pé kò sí lórí àga rẹ̀. Bọ́ọ̀sì kò tíì kúrò. Mo wo àga, mo wo aago, mo ní á bá wa níwájú, mo sì ní kí dírẹ́bà máa lọ. Irú èèyàn wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ọkàn mi kò balẹ̀ láti ọjọ́ náà. N kò sì lè gbé irọ́ yìí wọ ọkọ̀ òfuurufú lónìí.

Nusirat, mo kúnlẹ̀ fún ẹ. Rárá, Alága, ẹ má gbé mi dìde. Mo mọ̀ pé èmi ni àgbà. Jọ̀ọ́, dárí jì mí.

Ó ń sọ̀rọ̀. Ẹ dákẹ́ kí n gbọ́ ọ.

Ó ní òun mọ̀. Ó ní òun ti dé etí títì, òun ń juwọ́, ohùn òun kò jáde, òun sì rí mi lójú fèrèsé tí mo ń wo àga òun kí bọ́ọ̀sì tó lọ.

O mọ̀! Láti ọdún méjì, o mọ̀, o ṣì ń bu oúnjẹ sílẹ̀ dè mí? O mọ̀, o ṣì ń pè mí ní Anti? Kí ló dé tó ò sọ?

Ó ní òun ń dúró kí n fẹnu ara mi sọ ọ́.

Lukman, ní sùúrù, mò ń bọ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹ fi ẹni tó fẹ́ràn yín sílẹ̀ sójú ọ̀nà. Ẹni tí ẹ bá sì ti ṣẹ̀, kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí rẹ̀ sí títí ẹ ó fi bẹ̀ ẹ́. Ẹ ṣé o, gbogbo yín. Nusirat, o ṣé.