N Kò Gbọ́ Èdè Fíìmù Tí Mo Ń Túmọ̀

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gbọ́ ohùn mi nínú gúrúpù orí fóònù, tí ẹ máa ń ní kí n sọ fíìmù tó dára tí àwọn ènìyàn kò mọ̀ fún yín, ẹ jọ̀ọ́, lónìí n kò ní fíìmù láti sọ. Ẹ̀ṣẹ̀ ni mo gbé wá. Ó ti wà nínú mi láti ọdún mẹ́tàlá. N kò sọ ọ́ fún ìyàwó mi, n kò sọ ọ́ fún ìyá mi títí wọ́n fi kú. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé ọjọ́ Jímọ̀ ń bọ̀, orí mi sì ti dàrú.

Orúkọ tí màá pe àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn kì í ṣe orúkọ wọn. Bí ẹ bá tilẹ̀ mọ ẹni tí mò ń wí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e dé etí rẹ̀ ṣáájú mi.

Ní Kambolé, ìlú kan ní ilẹ̀ tí wọ́n ti ń fi Faransé kọ́ni nílé ìwé, ni wọ́n ti bí mi. Nígbà náà, àbúrò bàbá mi ní yàrá kan tí a ti ń wo fídíò. Tẹlifíṣọ̀n kan, jẹnẹrétọ̀ kan, bẹ́ǹṣì mẹ́jọ. Lọ́jọ́ ọjà, lẹ́yìn ìrun Àsárì, àwọn àgbẹ̀ á wọlé. Àwọn ará Goubi àti Bago á gun alùpùpù wá, eruku á bò wọ́n dé ìpéǹpéjú. Púpọ̀ nínú wọn kò gbọ́ Faransé. Nítorí náà ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, kí ó máa fi èdè wa sọ ohun tí àwọn inú fíìmù ń sọ. Èmi ni ẹni náà. Mo ti lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Tchamba, wọ́n sì rò pé kò sí èdè tó lè borí mi. Ògbufọ̀ ni wọ́n ń pè mí.

Fíìmù Faransé, mo túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe rí, bí agbára mi ṣe mọ. Ọlọ́run jẹ́rìí mi. Àmọ́ yàrá fídíò kejì tó wà nílùú wa máa ń rí fíìmù ìjà gbà ṣáájú wa. Bẹ́ǹṣì wa ń ṣófo. Bàbá mi kékeré ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo lé wọn lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe lọ sí ọjà Sokodé, mo rí ọkùnrin kan tó ní páálí fíìmù tí ẹnikẹ́ni kò rà. Fíìmù ilẹ̀ òkèèrè ni. Òkè, yìnyín, ẹṣin, àwọn ènìyàn tí wọ́n á wo ara wọn pẹ́ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Èdè wo ni wọ́n ń sọ? Títí di òní n kò mọ̀. Kò sí Faransé kankan lára rẹ̀. Mo rà á. Mo padà sílé, mo ní wọ́n kọ́ wa ní èdè yìí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ẹ gbọ́ irọ́! Ta ló kọ́ wa?

Mo dá nìkan wo fíìmù kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹta. Mo wo ojú wọn, mo wo ọwọ́ wọn, mo to ọ̀rọ̀ jọ. Nígbà tí wọ́n bá ya ẹnu, èmi náà á ya ẹnu. Nígbà tí wọ́n bá dákẹ́, màá dákẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí pé ẹnì kan á dá mi dúró, àmọ́ ta ló fẹ́ dá mi dúró? Yàrá kún. Àwọn ènìyàn ń jókòó sílẹ̀. Àgbàlagbà kan sunkún nítorí ọkùnrin tí ẹṣin rẹ̀ kú, nítorí mo sọ pé ìyá ọkùnrin náà ló fi ẹṣin yẹn sílẹ̀ fún un. Bóyá òótọ́ ni. N kò mọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé mo ń fi àwọn fíìmù yẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Mo fẹ́ràn wọn dọ́kàn. Èyí tí mo máa ń yìn fún yín, tí ìyá arúgbó gbé ilẹ̀kùn pọ̀n gun òkè lọ sílé ọmọ rẹ̀, ẹ wá a, ẹ wò ó. Ẹ kò ní lè ṣẹ́jú. Ó yẹ kí gbogbo ayé rí i, kò sì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ìyẹn kì í ṣe irọ́. Ohun tí wọ́n ń sọ nínú rẹ̀ nìkan ni irọ́ wà. Mo sì máa ń bi ara mi pé ṣé fíìmù ni àwọn ará ilé wa fẹ́ràn ni, àbí ẹnu mi?

Ẹ jẹ́ kí n dé ibi tó ń dùn mí.

Ẹ̀gbọ́n mi kan wà, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ẹ jẹ́ kí n pè é ní Sàlífù. Ó gba ọ̀nà Agadez, ọ̀nà aṣálẹ̀, lọ sí Líbíà. Ó fi ìyàwó rẹ̀ Mẹ̀múnátù sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọbìnrin jòjòló. Ó ti lọ tó ọdún kan nígbà tí mo gbé fíìmù kan wá: obìnrin kan lórí òkè, ọkọ rẹ̀ lọ wá iṣẹ́, kò padà. Mẹ̀múnátù kì í wá wo fídíò. Lọ́jọ́ yẹn ó wá. Ó pọn ọmọ, ó jókòó sí bẹ́ǹṣì iwájú.

Ní ìparí fíìmù náà, ọkùnrin kan gbé àpò wá sílé obìnrin yẹn. Kì í ṣe ojú ọkọ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ojú ló lè rí i. Ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Ògbufọ̀, ọkọ rẹ̀ kọ́ nìyẹn o!"

Mo wo iwájú. Mẹ̀múnátù di etí bẹ́ǹṣì mú gírígírí. Ẹnu mi yá ju ọgbọ́n mi lọ. Mo ní, "Ọkọ rẹ̀ ni! Ìyà ló yí ojú rẹ̀ padà. Ó ń díbọ́n pé ọ̀rẹ́ ọkọ ni òun, kó lè mọ̀ bóyá ìyàwó òun dúró de òun." Obìnrin inú fíìmù bu omi fún àlejò náà, ó gbé ìjókòó fún un, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Mo ní, "Ẹ ò rí i? Kò bi í ní nǹkan kan. Ó ti dá a mọ̀. Ẹkún ayọ̀ nìyẹn." Gbogbo yàrá pariwo Alhamdulillahi.

Lọ́jọ́ kejì Mẹ̀múnátù gbé iṣu ńláńlá méjì wá fún ìyá mi, ó ní kí wọ́n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Wọ́n gún un, mo sì jẹ ẹ́.

Nígbà tó di ọdún kẹta, Sàlífù kò pe ilé mọ́. Nígbà tó yá, àfáà sọ fún Mẹ̀múnátù pé ẹ̀sìn fún un láàyè láti fẹ́ ẹlòmíràn. Tíṣà kan ní Tchamba fẹ́ fẹ́ ẹ, ọmọlúàbí ènìyàn, kì í pariwo. Ẹbí jókòó. Mẹ̀múnátù ní, "Obìnrin orí òkè yẹn dúró. Èmi náà á dúró." Mo wà níbẹ̀! Mo lè sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Orí ni mo ń họ. Tíṣà náà fẹ́ ẹlòmíràn.

Èmi kó lọ sí Sokodé. Àdúgbò Kouloundè níbẹ̀ ni mo wà báyìí, mò ń tún fóònù ṣe, mo sì ń bá àwọn ènìyàn kó fíìmù sórí fóònù wọn. Lẹ́yìn àwẹ̀ tó kọjá, akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé fíìmù wá kí n bá a kó o, mo sì rí obìnrin orí òkè náà. Lọ́tẹ̀ yìí wọ́n kọ Faransé sí ìsàlẹ̀ àwòrán. Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo wò ó.

Ọ̀rẹ́ ọkọ ni ọkùnrin yẹn lóòótọ́. Ohun tó ń sọ fún obìnrin náà ni pé òkúta wó lu ọkọ rẹ̀ níbi iṣẹ́, pé òun fi ọwọ́ ara òun wẹ̀ ẹ́, òun sin ín, bàtà rẹ̀ ló wà nínú àpò. Obìnrin náà kò bi í ní nǹkan kan nítorí pé ó ti tán nìyẹn. Èmi ni mo pè é ní ẹkún ayọ̀. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ náà padà wá, ó bi mí pé ṣé fíìmù náà dára. Mo ní ó dára. Kò sí èyí tó dára tó o nínú gbogbo èyí tí mo ti wò.

N kò sọ fún Mẹ̀múnátù. Mo ní màá sọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo tún ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Lọ́jọ́ Ajé yìí ló pè mí. Ohùn rẹ̀ dà bíi ti ọmọge. Ó ní ọkùnrin kan pe òun láti Nijẹ̀r, ó ní òun àti Sàlífù jọ wà ní Líbíà, òun ń gbé àpò Sàlífù bọ̀, òun á dé Kambolé lọ́jọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun.

Mo ní, "Ìyàwó wa, ṣé o bi í pé Sàlífù fúnra rẹ̀ ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ọkọ mi kékeré, ẹ̀yin náà! Ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ wa. Mi ò bi í ní nǹkan kan o. Mo ní kó máa bọ̀, omi ń bẹ nílé." Ó ti kun yàrá. Ó ti ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ ní Tchamba pé kó wálé wá rí bàbá rẹ̀.

Mo ní, "Ìyàwó wa, fíìmù yẹn..." Ẹnu mi kọ̀. Ẹnu tó ń sọ èdè tí kò gbọ́, ó kọ̀ láti sọ èyí tó gbọ́!

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Nígbà mìíràn èmi náà á ní, bóyá Sàlífù ni. Kò sí ohun tí Ọlọ́run kò lè ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi ni, èmi náà fẹ́ kó wálé. Bí mo bá lọ sọ̀rọ̀ ikú, tó sì jẹ́ òun ló wọlé, ojú wo ni màá fi wò ó? Bí n kò bá sì sọ, obìnrin yìí á lé tìróò, á wọ aṣọ tuntun, á jókòó pẹ̀lú ẹ̀rín láti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn. Bí mo bá sọ ọ́, ta ló fẹ́ dá ọdún mẹ́tàlá padà fún un? Ó fún mi ní nọ́ńbà ọkùnrin náà. Mo ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì pa á kó tó dún.

Ẹ bú mi, ó tọ́ sí mi. Àmọ́ bí ẹ bá bú mi tán, ẹ sọ fún mi: ṣé kí n gun ọkọ̀ lọ sí Kambolé lọ́la kí n wólẹ̀ fún un, àbí kí n dúró de ọjọ́ Jímọ̀? Nítorí ó ti ní dandan ni kí n wá. Ó ní ọkùnrin náà kò sọ èdè kankan àyàfi Hausa, pé awakọ̀ kan tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Nijẹ̀r ló bá wọn túmọ̀ lórí fóònù, pé bóyá ọkọ òun ló ń fi Hausa bojú, kí n wá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, kí n máa túmọ̀ rẹ̀ fún òun.

Hausa ni mo sì fi ń tajà ní Zongo, àdúgbò àwọn Hausa, láti ọjọ́ tí mo ti dé Sokodé. Bí ọkùnrin yẹn bá ya ẹnu, gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni màá gbọ́.