Láfún Tí Mo Pò Mọ́ Àlìkámà Ọkọ Mi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Mi ò lè dá ọ̀rọ̀ yìí gbé mọ́, nítorí ẹlòmíràn ló ń jìyà ohun tí mo ṣe.

Ṣakí là ń gbé. Àgbẹ̀ ni Bàbá Kúdírà, ọkọ mi. Nígbà tí wọ́n ní ó ní ìtọ̀ ṣúgà, àbúrò rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ìsẹ́yìn wá sọ́dọ̀ wa. Àǹtí Nọ́ọ̀sì ni mo máa ń pè é. Òun fúnra rẹ̀ ló mú mi lọ sọ́jà, tó fi ohun tí n ó máa rà hàn mí: àlìkámà, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ẹja, àti mílíìkì tí kò ní ṣúgà. Ó ní kí n gbàgbé iyán àti gbogbo oúnjẹ pákí.

Mo kọ́kọ́ ṣe bó ṣe wí. Ṣùgbọ́n ọkọ mi ń rù. Á bu òkèlè díẹ̀, á ti abọ́ sẹ́yìn. Àwọn aládùúgbò ń sọ lẹ́yìn mi pé mo ń febi pa á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba tèmi rò. Àánú rẹ̀ ṣe mí, ojú sì ń tì mí.

Ni mo bá ń ra láfún, mo ń pò ó mọ́ àlìkámà. Mo ń ra mílíìkì aládùn, mo ń dà á sínú agolo èyí tí kò ní ṣúgà. Ọkọ mi ní mo ti wá mọ àlìkámà rò. Ara rẹ̀ padà bọ̀ sípò, àwọn èèyàn sì ń yìn mí. Inú mi dùn nígbà náà.

Kò pẹ́ tí ojú rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Àǹtí Nọ́ọ̀sì sáré wá, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bi mí bóyá mo yí oúnjẹ padà. Mo ní rárá.

Ọkọ mi wá kọjú sí àbúrò rẹ̀. Ó ní, "Gbogbo ohun tó o ní kí n jẹ ni mo jẹ. Ìwọ lo fọ́ mi lójú. Má tẹ ilé mi mọ́."

Mo dúró níbẹ̀. Mo jẹ́ kó gbé ẹ̀bi náà lọ.

Mi ò tún ra láfún mọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò padà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Àǹtí Nọ́ọ̀sì tún fi àlìkámà àti ẹ̀wà ránṣẹ́. Ọkọ mi ní kí n dá a padà. Nígbà tí mo gbé e dé gáréèjì, dírẹ́bà tó gbé e wá ní Àǹtí Nọ́ọ̀sì ní kí òun bi mí bóyá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń ríran díẹ̀díẹ̀. Mo gbé ẹrù náà lé e lọ́wọ́, mo yára padà sílé.

Ẹ jọ̀ọ́, ta ni kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ fún, ọkọ mi ni tàbí àbúrò rẹ̀? Ẹ̀rù ń bà mí pé bí ó bá gbọ́, kò ní jẹ oúnjẹ ọwọ́ mi mọ́. Láàárọ̀ yìí náà, ó kọ́kọ́ ṣàdúrà fún mi kó tó fọwọ́ wá abọ́.