Àtẹ́wọ́ Ni Yóò Fi Jẹ́

Nídìí àtẹ aṣọ ní ọjà Treichville ni mo ti gbọ́ tí ìyá àgbà kan gbóhùn sókè sí ìyàwó ọmọ rẹ̀, tí ọmọdébìnrin kan sì dúró láàárín wọn.

“Ìyàwó, ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀ lo ń ra aṣọ maternelle, iléèwé jẹ́lé-ó-sinmi, fún? Bí tíṣà bá pe orúkọ rẹ̀, ta ni yóò bá a sọ ‘présente’, pé ó wà níbẹ̀?”

“Àtẹ́wọ́ ni yóò fi jẹ́, Màmá. Ojoojúmọ́ ni mò ń kọ́ ọ.”

“Wọ́n á fi í ṣẹ̀sín.”

“Kí wọ́n ṣe é títí ilẹ̀ á fi ṣú. Wọn ò ṣáà ní kọ ọ́ sínú ìwé pé kò wá.”

Ìyá àgbà pòṣé. Ó lóṣòó síwájú ọmọ náà, ó rọra fi oríkì pè é: “Àbẹ̀kẹ́.”

Pàá! Pàá! Gbogbo aláṣọ yíjú wò wá.

“Ó yá, Màmá, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé: ó wá.”